Ṣé Máìkì Olówó Ńlá Ló Ń Mú Orin Dùn?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin nílé máa ń bi mí ní gbàrà tí wọ́n bá ti gbọ́ pé físíìsì ni mò ń kà, pàápàá apá tó jẹ mọ́ ìró: “Brọ́dá, máìkì wo ni kí n rà?” Wọn kì í béèrè bóyá ó yẹ kí àwọn ra òmíràn rárá. Èyí tó wọ́n jù lọ tí apá wọn lè ká ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Àbúrò kan tá a jọ wà nínú kúáyà sọ fún mi pé òun fẹ́ gba owó àjọ òun, kí òun tún yá díẹ̀ kún un lórí app ẹ̀yáwó, láti fi ra máìkì kan tí owó rẹ̀ ju owó ilé tí òun ń san lọ́dún lọ. Orin mẹ́ta ló ti wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Kò tíì gbé ìkankan jáde, torí ó ní ohùn òun “ò tíì jọ ti sítúdíò”. Ẹ rí i pé ohun méjì ló wà nínú ewu níbẹ̀: owó tí kò tíì sí lọ́wọ́, àti orin tó ti wà lọ́wọ́ tí kò rí ìta.

Ìdáhùn mi ni mo máa kọ́kọ́ sọ, kí ẹni tí dátà rẹ̀ fẹ́ tán lè máa bá tirẹ̀ lọ. Irinṣẹ́ olówó ńlá kì í ṣe irọ́. Ó níbi tó ti wúlò. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń dá kọrin nínú yàrá ara rẹ̀, nǹkan mẹ́ta ló máa ń ba ohùn jẹ́ kó tó kan iye tí wọ́n ra máìkì: yàrá fúnra rẹ̀, bí ẹnu ṣe jìnnà sí máìkì tó, àti ariwo ìta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé tún ṣe láìná owó púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ ìdí, kó jókòó.

Ọ̀nà tí ohùn ń gbà dé inú kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ ká tọ ohùn lẹ́yìn. Ọ̀fun gbọ̀n, atẹ́gùn gba ìgbọ̀n náà, ó di ìgbì. Apá kan ìgbì yìí lọ tààrà sínú máìkì. Apá tó kù lọ lu ògiri, àjà, ilẹ̀ àti gíláàsì fèrèsé, ó wá padà bá máìkì lẹ́yìn náà. Nínú máìkì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń gbọ̀n bí awọ ìlù. Ìgbọ̀n rẹ̀ ló ń di iná mànàmáná kékeré. Iná yẹn bọ́ sínú àpótí tí wọ́n ń pè ní audio interface, ẹ̀rọ tó ń fún iná náà lágbára tó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú. Nígbẹ̀yìn, sípíkà tàbí hẹ́dífóònù á tún sọ nọ́ńbà di ìró fún etí.

Ẹ kíyè sí i pé kí ohùn tó dé máìkì, yàrá ti fọwọ́ kàn án. Máìkì ò mọ ohùn yín yàtọ̀ sí èyí tó ti ara ògiri padà wá. Ohun tó bá kàn án ló ń gbà. Tí yàrá bá ti ba ohùn jẹ́, máìkì tó dára jù láyé á kàn gba ìbàjẹ́ náà délẹ̀délẹ̀, kò ní yọ nǹkan kan sílẹ̀.

Tìmùtìmù ọ̀gbẹ́ni Sabine

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìṣirò yanjú ọ̀rọ̀ yàrá kò ra irinṣẹ́ olówó ńlá. Wallace Sabine ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní 1895, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí yunifásítì náà ní kó bá wọn wo gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan tó wà ní Fogg Art Museum. Gbọ̀ngàn yẹn dára lójú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Tí olùkọ́ bá pe ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà á ṣì máa dún fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Nígbà yẹn, ó ti pe gbólóhùn mìíràn lé e lórí.

Kí ni Sabine ṣe? Lálaalẹ́, òun àtàwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ máa ń lọ kó tìmùtìmù orí ìjókòó láti Sanders Theatre wá sínú gbọ̀ngàn yìí. Wọ́n á fun fèrè dùùrù, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á sì fi aago wọn bí ìró náà ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Wọ́n á fi tìmùtìmù kún un, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti kó gbogbo rẹ̀ padà, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ lo gbọ̀ngàn.

Ohun tó rí ni pé bí yàrá bá ṣe tóbi tó ni ìró ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ tó, bí ohun tó ń gbé ìró mì bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìró ṣe ń tètè kú tó. Ẹ mú ìwọ̀n àyè inú yàrá ní mítà, ẹ fi 0.161 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi àpapọ̀ ohun tó ń gbé ìró mì pín in. Ohun tó bá jáde ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìró á fi rọlẹ̀ pẹ̀lú decibel 60, ìyẹn títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ létí. Ìmọ̀ yìí náà ló lò fún Symphony Hall ní Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900, tí àwọn olórin ṣì ń yìn títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan náà fún yàrá “ten by twelve” tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé: bíi mítà 3 sí 3.6, kí àjà ga ní mítà 3. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ táìsì, tí ògiri jẹ́ símẹ́ǹtì tí wọ́n kùn lọ́dà, tí yàrá sì ṣófo, ẹ jẹ́ ká ní gbogbo ojú yàrá náà ń gbé ìdá 5 nínú 100 ìró tó bá lù ú mì. Ìṣirò á fún wa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.7. Ẹ wá gbé bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì tó nípọn, aṣọ tí a gbé kọ́ àti fóòmù méjì wọlé, títí ohun tó ń gbé ìró mì á fi tó mítà onígun mẹ́rin 10. Ó wá sílẹ̀ sí bí 0.5. Ìṣirò ojú lásán ni fún yàrá kékeré o, kì í ṣe òṣùwọ̀n gan-an. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1.7 àti 0.5 pọ̀ débi pé ọmọ kékeré á gbọ́ ọ.

Kéréètì ẹyin ò ṣe é

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò: “Mo ti lẹ kéréètì ẹyin mọ́ ògiri.” Ẹ pẹ̀lẹ́. Kéréètì ẹyin fúyẹ́, páálí rẹ̀ sì tín-ín-rín, kò lè gbé ohun púpọ̀ mì. Fóòmù dúdú tín-ín-rín tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó láàlà.

Gígùn ìgbì ló fà á. Ìró ń rìn ní bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tá a máa ń kọ ní 10,000 Hz, ìgbì rẹ̀ gùn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3.4 péré. Ti 1,000 Hz jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 34. Ti 100 Hz, níbi tí ohùn ọkùnrin ti máa ń bẹ̀rẹ̀, gùn ju mítà 3 lọ, ó ju gíga yàrá yẹn lọ. Kí fóòmù tó lè gbé ìgbì kan mì dáadáa, ó yẹ kí nínípọn rẹ̀ sún mọ́ ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì náà. Fóòmù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 á mú ìró tó ga ju bíi 3,400 Hz lọ. Ìyókù á gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá ògiri, á sì padà wá. Ìdí nìyẹn tí yàrá tí wọ́n lẹ irú fóòmù bẹ́ẹ̀ yí ká fi máa ń dún bíi pé a fi aṣọ bo ẹnu: “s” àti “ṣ” ti kú, ariwo ìsàlẹ̀ ṣì ń rìn kiri.

Fóòmù tí ẹ ń sùn lé lórí sàn jù ú lọ fíìfíì. Èyí tó nípọn ní íǹṣì 6, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 15, ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti bíi 570 Hz lọ sókè. Tí ẹ bá nà án ró, tí ẹ sì jẹ́ kí àyè sẹ̀ǹtímítà 15 mìíràn wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, á tún mú ìró tó rẹlẹ̀ sí i. Ẹ bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò o, torí ọ̀rá ń dá ìró òkè padà. Ẹ gbé ọ̀kan sẹ́yìn yín àti ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ kọrin sí ibi tí aṣọ pọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọrin ní Yorùbá

Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn kan gbà pé máìkì tí kò gbówó lórí á jẹ àmì ohùn wa. Fóònù fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gba ìró tó rẹlẹ̀ ju bíi 300 Hz lọ kọjá, bẹ́ẹ̀ ohùn bàbá yín lè wà ní 120 Hz. Ìyẹn ni pé ìró ìpìlẹ̀ tó ń gbé àmì ohùn kò kọjá rárá! Síbẹ̀ bàbá sọ pé “ọkọ́”, ẹ kò gbọ́ “ọkọ̀”. Ìdí ni pé ohùn tó wà ní 120 máa ń ní àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ ní 240, 360, 480, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ á wo àlàfo tó wà láàárín àwọn ọmọ yìí, á sì mọ ìyá wọn. Tí ọ̀nà fóònù ò bá lè gba àmì ohùn lọ́wọ́ wa, máìkì kékeré ò lè gbà á.

Ohun tó lè dà á rú ni gbohùngbohùn, ìyẹn ohùn tó ń ti ara ògiri padà. Ká ní ẹ ń kọ sílébù 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0.2. Nínú yàrá tí ìró ti ń gba 1.7 kó tó kú, nígbà tí ẹ bá fi pe sílébù kejì, ìró ti àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi decibel 7 rọlẹ̀ ni. Ohùn òkè tó yẹ kó ti parí ṣì ń dún gedegbe lábẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú yàrá ti 0.5, á ti fi 24 rọlẹ̀, ọ̀nà á sì ti là fún èyí tó ń bọ̀. Tí àwọn èèyàn bá ń béèrè pé “kí lo sọ níbẹ̀ yẹn?” nígbà tí wọ́n ń gbọ́ orin yín, ẹ kọ́kọ́ wo ògiri kẹ́ ẹ tó wo máìkì.

Ẹ sún mọ́ ọn

Èyí ò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dín àlàfo tó wà láàárín ẹnu àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn tó ń lọ tààrà á fi decibel 6 lágbára sí i. Ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti gbohùngbohùn yàrá ò yí padà, torí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ kò sún. Ẹni tó sún láti sẹ̀ǹtímítà 60 wá sí 15 ti jèrè decibel 12. Yóò wá dín agbára interface kù, ariwo á sì bá a rọlẹ̀ pẹ̀lú 12 yẹn.

Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́ ni atẹ́gùn ẹnu tó máa ń lu máìkì, “púù!” Ẹ na ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ sórí wáyà tí ẹ tẹ̀ róbótó, ẹ gbé e síwájú máìkì. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ máìkì máa ń fi bass kún ohùn tí ẹnu bá ti sún mọ́ ọn jù. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀. Tí ó bá pọ̀ jù, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ tún rántí pé máìkì cardioid kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí fèrèsé tí ariwo ń gbà wọlé, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Èyí àti ọ̀rọ̀ fóòmù la ṣe fún àbúrò inú kúáyà yẹn. Fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ la nà ró, ẹnu rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan tí a tẹ́ sí máìkì tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ó fi ẹsẹ orin kan náà ti àtẹ̀yìnwá àti ti tuntun ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni iye tó ra máìkì tuntun.

Kí wá ni owó ń rà nínú máìkì?

Ẹ jẹ́ ká gbé méjì wò. Neumann U 87 Ai ni ọ̀pọ̀ sítúdíò ńlá ń lò. Ó ju dọ́là 3,000 lọ. Rode NT1-A wà ní bíi dọ́là 200. Gbogbo máìkì ló ní ariwo kékeré tirẹ̀ tó ń hó láti inú. Ìwé àwọn tó ṣe wọ́n sọ pé ti U 87 Ai jẹ́ decibel 12, ti NT1-A jẹ́ 5. Bẹ́ẹ̀ ni o, èyí tó rọ̀ jù lówó ló dákẹ́ jù. Yàrá tó pa lọ́lọ́ lóru pàápàá máa ń wà ní nǹkan bí decibel 30, nítorí náà ariwo yàrá á bo ti méjèèjì.

Ṣé U 87 jẹ́ ayédèrú nìyẹn? Rárá. Adùn ohùn rẹ̀ ní bó ṣe rí tí àwọn èèyàn fẹ́ràn, ó lè gbọ́ láti ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń pẹ́ lọ́wọ́, ó sì ṣeé tún ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí ò fi ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún adùn orin. Àní fún Thriller ti Michael Jackson ní 1982, Shure SM7 ni Bruce Swedien lò fún ohùn rẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ SM7B tí wọ́n ń tà báyìí wà ní bíi dọ́là 400, kò tó ìdá márùn-ún owó U 87.

Òpin wà sísàlẹ̀ náà o. Máìkì condenser nílò iná, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni volt 48 láti inú interface. Tí ẹ bá ki irú wọn bíi BM-800 bọ ihò ìyápíìsì kọ̀ǹpútà tààrà, iná tó tó ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ariwo á sì gba gbogbo ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni owó kékeré ti ń fa ìyà. Ẹ tún ṣọ́ra fún ayédèrú: wọ́n ti ṣe Shure SM58 ní ayédèrú káàkiri ayé débi pé iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀.

Nọ́ńbà gọbọi ńkọ́?

Àwọn oníṣòwò máa ń fi 192 kHz polówó interface. CD, tó jáde ní 1982, ń ka ìgbì ìró ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ Harry Nyquist ní 1928 àti ti Claude Shannon ní 1949 jẹ́ ká mọ̀ pé tí a bá ka ìgbì ju ìlọ́po méjì ìró tó ga jù nínú rẹ̀ lọ, a lè dá gbogbo rẹ̀ padà láìku nǹkan kan. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáká ń gbọ́ dé bíi 20,000 Hz. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 40,000. Ó ti tó.

Ní 2007, Meyer àti Moran gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n fi orin tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ju ti CD lọ hàn àwọn èèyàn, wọ́n sì ń gbé orin kan náà gba ìwọ̀n CD kọjá láìjẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Nínú ìgbà 554 tí wọ́n dáhùn, 276 ni wọ́n gbà. Tí ẹ bá sọ kọ́ìnì sókè, ohun tí ẹ máa rí náà nìyẹn. Joshua Reiss ní Lọ́ńdọ̀nù kó ìdánwò 18 pọ̀ ní 2016, ó rí 52.3 nínú 100. Ìyàtọ̀ lè wà, ṣùgbọ́n tíntín ni. Interface kékeré òde òní ń lo bit 24, tí ìṣirò rẹ̀ gba ìyàtọ̀ decibel 144 láàárín ohùn tó kéré jù àti èyí tó ga jù. Kò sí yàrá kankan ní àdúgbò wa tó lè lo ìdajì ìyẹn tán.

Etí tó ti rí owó

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń búra pé àwọn gbọ́ ìyàtọ̀? Ní 2010, Claudia Fritz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe àwọn atafáólìnì 21 jọ ní Indianapolis. Wọ́n wọ awò tó ṣókùnkùn fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n ta fáólìnì àtijọ́ mẹ́ta àti tuntun mẹ́ta. Stradivari, tí owó rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù dọ́là, wà nínú ti àtijọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù jẹ́ tuntun. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn kéré jù jẹ́ Stradivari. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta fáólìnì nìyẹn. Àwa ńkọ́?

Ariwo náà ń tan wá jẹ. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson ti fi hàn pé bí ìró bá ṣe ń lọ sókè ni etí wa túbọ̀ ń gbọ́ bass dáadáa. Èyí tó fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ á dà bíi pé ó kún, ó sì dùn jù. Àwọn tó ń ta ọjà mọ èyí dáadáa.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra nǹkan, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ fi máìkì méjèèjì gba ẹsẹ kan náà nínú yàrá kan náà. Ẹ mú kí ohùn méjèèjì dọ́gba. Ẹ kọjú sí ògiri, kí ọ̀rẹ́ yín máa yí i fún yín ní ìgbà 10 bó ṣe wù ú. Tí ẹ bá gba 5 tàbí 6, oríire lásán ni. Kí èèyàn tó lè fi oríire gba 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà kan nínú bí 100 ni. Ẹni tó bá gba 9 ti gbọ́ nǹkan lóòótọ́, owó rẹ̀ ni.

Àwọn tó gba orin nínú yàrá

Ní oṣù kìíní 1982, Bruce Springsteen jókòó nínú ilé kan ní New Jersey pẹ̀lú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré ti Tascam àti máìkì Shure SM57 méjì. Ó fẹ́ fi í han ẹgbẹ́ rẹ̀ lásán ni. Nígbà tí wọ́n tún un gbà ní sítúdíò ńlá, kò ní ẹ̀mí kan náà, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló sì di àwo Nebraska. Steve Lacy fi iPhone ṣe ìlù orin “PRIDE.” fún Kendrick Lamar ní 2017. Inú yàrá Finneas, ẹ̀gbọ́n Billie Eilish, nílé òbí wọn ní Los Angeles, ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwo tó gba Grammy ti àwo tó dára jù lọ́dún ní 2020.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìdajì kejì. Àwọn onímọ̀ jìyà gan-an kí wọ́n tó lè gbé kásẹ́ẹ̀tì Springsteen sórí àwo. Rob Kinelski, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípo orin pọ̀, ló bá Billie àti Finneas parí tiwọn. A kì í sì í gbọ́ orúkọ ọ̀pọ̀ ẹni tó gba orin nínú yàrá tí kò síbi tó dé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé yàrá kò dí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì fi etí tó mọṣẹ́ parí iṣẹ́ náà.

Ibi tí owó ti tó ná

Tí ẹ bá fẹ́ gba ìyá ìlù, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti akọrin mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá ten by twelve ò lè ṣe é. Ẹ ya sítúdíò fún ọjọ́ kan. Tí àwọn oníbàárà bá ń sanwó fún yín lójoojúmọ́, irinṣẹ́ tí kì í tètè bàjẹ́ á dá owó ara rẹ̀ padà.

Fún gbígbọ́, hẹ́dífóònù tó dára ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà ṣáájú sípíkà ńlá. Nínú yàrá tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ìgbì tó ń bọ́ sí bíi 48 Hz àti 57 Hz máa ń dúró láàárín ògiri sí ògiri, á sì máa hó. Ẹ ó rò pé bass ti pọ̀ jù, ẹ ó gé e kúrò. Tí orin bá dénú mọ́tò ẹlòmíràn, bass á ti pòórá. Sípíkà olówó gọbọi ò lè yí gígùn yàrá padà. Hẹ́dífóònù ò bá yàrá lò pọ̀ rárá.

Bí èmi ṣe máa tò ó rèé: fóòmù àti aṣọ tó wà nílé, ìbọ̀sẹ̀ àti ìdúró tó sún mọ́ máìkì, àkókò tí jẹnẹrétọ̀ ò dún, hẹ́dífóònù tó ṣeé gbọ́kàn lé, interface kékeré tó ní volt 48, máìkì kan tó jẹ́ ojúlówó, lẹ́yìn náà owó fún ẹni tó máa po orin náà pọ̀. Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ohùn ò sì tíì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ya máìkì ńlá fún ọjọ́ kan, ẹ fi ìdánwò ìgbà 10 yẹn wò ó. Ẹ̀rí yẹn ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó tẹ “mo gbà” lórí app ẹ̀yáwó èyíkéyìí.